Ayù Àlájì Abdulmumini

Àlàádì, 14 Jánúárì 1990

Bísímílàhi. Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ṣé ara ilé le? Àwọn ọmọ ńkọ́? Èmi náà wà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà. Bàríkísù lorúkọ mi, ilé wa ò jìnnà sí Ọ̀fà Garage ní Ìlọrin. Ẹni tó ń bá mi kọ ọ́ ni ọmọ ọmọ mi, Màsúdát, ó wà ní ìwé kẹfà, ọwọ́ ẹ̀ dáa ju ti… Kí nìyẹn? Màsúdát, kí ni mọ́tò yẹn ń pariwo? Ẹ gbà mí o! Ó ní wọ́n fẹ́ wé láwàní fún Abdulmumini! Abdulmumini yìí náà! Wọ́n fẹ́ fi jẹ Bàbá Àdínì ní mọ́ṣáláṣí wọn ní Fate, ni wọ́n ṣe so gbohùngbohùn mórí mọ́tò, tí wọ́n ń kéde ẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà ilé mi kọjá. Ẹnu ọ̀nà ilé mi!

Kọ ọ́. Gbogbo ẹ̀ ni kí o kọ. Má fo nǹkan kan.

Mo ti mumi. Ara mi ti wálẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ra ìwé yìí, èmi tí n ò mọ A, tí n ò mọ álífù. Ìwé ni Abdulmumini fi bà wá jẹ́. Ó ti Mẹ́kà dé, oṣù méje lẹ́yìn náà ni ọmọ mi Hàlímọ̀tù, ìyàwó ẹ̀, bí Màsúdát. Oṣù méje. Ṣé ọmọ oṣù méje ò sí láyé ni? Abdulmumini ní ẹlòmíì ló lóyún. Ó dúró níwájú àwọn àáfà, ó fi Ọlọ́hun búra lẹ́ẹ̀marùn-ún pé ọmọ náà kì í ṣe tòun. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Àlájì ṣáà ni, ta ló máa sọ pé Àlájì búra èké? Hàlímọ̀tù pọn ọmọ jòjòló, ó wọlé tọ̀ mí wá. Ọdún kọkànlá rèé. Láti ọjọ́ náà kò rìn kọjá kànga wa. Fìlà ló ń rán nínú iyàrá, ẹlòmíì ló ń bá a gbé e lọ tà.

Tísà sì ti wá fún Màsúdát ní fọ́ọ̀mù ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ilà kan wà níbẹ̀ fún orúkọ bàbá. Ilà yẹn ṣófo. Tísà ní kí Máàṣì má parí bá a lọ́wọ́ wa, òun ò sì gba òfìfo.

Hàlímọ̀tù gbọ́ tí mò ń pariwo, ó yọjú. Ó ní, "Màámi, ẹ fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́hun."

Mo ní, "Mo ti fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́hun láti ọdún kọkànlá. Mo kàn ń bá A gbé àtùpà dání ni."

Àtàlátà, 16 Jánúárì

Ọyẹ́ mú, ètè gbogbo wa ti bó. Gààrí tún ti fò sókè, ẹni tó ń tà á ní kí n má wo òun, kí n wo ìjọba. Mọ́tò gbohùngbohùn tún kọjá. Mo da omi tí mo fi fọ abọ́ sí i lẹ́yìn. Kò bá a.

Àtìní, 22 Jánúárì

Danjuma dé láti Jẹ́bà. Àbúrò ọkọ mi tó dolóògbé ni, ọmọ Tápà, apẹja ni wọ́n láti ìran bàbá wọn. Òun ló máa ń gbé òróró ayù wá fún orúnkún mi. Ayù ni ẹran odò tó tóbi tó màlúù yẹn, koríko ló ń jẹ, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Mo bu oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó wá ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ ò mọ ẹni tó ránṣẹ́ sí mi. Ọkọ Hàlímọ̀tù àná."

"Kò lọ́kọ lánàá, kò ní lónìí. Kí ni olè náà ń wá?"

"Ayù kan. Ó ní kí n mú un láàyè, kí n so ó sómi, tó bá ku ọjọ́ kan kí wọ́n wé e, kí n pa á. Ó ti sọ fún gbogbo àwọn ẹni ńlá GRA pé ayù làwọn máa jẹ níbẹ̀."

Mo ní, "Ọkọ mi, ṣé ìwọ náà wá ń se ọbẹ̀ fún un?"

Ojú tì í. Ó ní òun ti gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀, òun ti fi ra àwọ̀n. N ò bá a jà púpọ̀, ọkọ ni gbogbo ará ilé ọkọ jẹ́. Ṣùgbọ́n mo ní kó má tíì kó abọ́ yẹn fún mi, kó kọ́kọ́ lọ fọ̀ ọ́.

Àlàmísì, 25 Jánúárì

Ẹ wá gbọ́ nǹkan. Ayálégbé kan wà ní iyàrá iwájú, Ọláyíwọlá, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ọmọ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ. Ọ́fíìsì àwọn ẹranko igbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo jókòó síta lónìí, mò ń fi òróró ayù ra orúnkún, ló bá dúró.

"Màmá, òróró kí nìyẹn?"

"Ti ayù ni. Ṣé kí n bu díẹ̀ fún ẹ?"

Ó fò sẹ́yìn bí ẹni tó rí paramọ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbé e pamọ́! Ìjọba ti fòfin dè é láti bí ọdún márùn-ún. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú ayù, kò gbọdọ̀ pa á, kò gbọdọ̀ tà á. Wọ́n ti ń tán lómi. Owó ìtanràn ni, tàbí ẹ̀wọ̀n."

Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ní ṣé ìjọba tí ò rí gààrí fún wa ló wá ń ṣọ́ ẹran odò. Ni ẹ̀rín bá dá mọ́ mi lẹ́nu.

Mo ní, "Ọláyíwọlá, ọmọ mi, dúró. Ẹ̀wọ̀n lo wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ẹni tó pa á nìkan ni, àbí ẹni tó ní kí wọ́n pa á náà?"

"Gbogbo wọn ni."

Màsúdát, ìwọ náà rí mi. Gèlè mi bọ́ sílẹ̀, n ò ṣà á. Mo pa àtẹ́wọ́. Mo gbé ìgò òróró náà fún Ọláyíwọlá, mo ní kó gbé e lọ fún ọ̀gá ẹ̀, kó ní ìyá arúgbó kan ló ronú pìwà dà.

Jímọ̀, 2 Fẹ́búárì

GRA la wà láàárọ̀, ní ọ́fíìsì Ọláyíwọlá. Ojú ọ̀nà wọn dákẹ́ bí itẹ́ òkú, ajá wọn ló ń kí wa. Mo wọ aṣọ ọdún. Ọ̀gá Ọláyíwọlá gbọ́ mi tán, ó ní, "Ìyá, inú omi ló ń gbé, àbí? Ẹ lọ bá àwọn ẹlẹ́ja."

A rìn dé ọ́fíìsì àwọn ẹlẹ́ja. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní, "Ìyá, ẹja kì í fún ọmọ lọ́mú. Ẹran ni. Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti wá."

A padà. Ọ̀gá ti lọ sí Jímọ̀.

Mo bi Ọláyíwọlá léèrè pé tí ò bá ń ṣe ẹja, tí ò bá ń ṣe ẹran, ta wá ni òfin náà ń gbà sílẹ̀? Ó mú ìwé kan jáde nínú dúrọ́ọ̀, ó fi ìka sí ilà kan. Ó ní, "Orúkọ ẹ̀ nìyí, Màmá. Yálà ẹja ni tàbí ẹran, orúkọ ẹ̀ ti wà níbí." Mo ní kó tẹ ọ̀kan fún mi. Mo ti ká a sínú Kùránì ọkọ mi.

Ẹ wò ó bí ayé ṣe rí. Ẹran odò ní orúkọ nínú ìwé ìjọba. Ọmọ ọmọ mi ò ní.

Àtàlátà, 6 Fẹ́búárì

Ọláyíwọlá dé láti ibi iṣẹ́, ó ní ọ̀gá ti gbà pé tàwọn ni, ṣùgbọ́n àwọn ò lè torí ọ̀rọ̀ ẹnu arúgbó lọ mú Àlájì. Nǹkan méjì ní í mú ẹjọ́ dúró: kí wọ́n bá ara ẹran náà lọ́wọ́ ẹ̀, tàbí kó fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́.

Mo ní, "Kó pa á nígbà náà. Kó pa á kíákíá, kẹ́ ẹ bá a lọ́wọ́ ẹ̀."

Láti àárọ̀ ni mo ti ń ṣàdúà fún Danjuma, kí àwọ̀n ẹ̀ kó ayù. Mo ṣe sàárà màsà fún àwọn ọmọ ilé kéwú lórí ẹ̀. Wọ́n ní kí ni wọn ó ṣàdúà lé. Mo ní kí wọ́n ní kí Ọlọ́hun fún ẹnì kan ní gbogbo ohun tó ń wá.

Hàlímọ̀tù ò fọwọ́ kan màsà náà.

Àtàlátà, 20 Fẹ́búárì

Ooru. Kànga ti lọ sílẹ̀. Ilà yẹn ṣì ṣófo.

Àtìní, 5 Máàṣì

Àwọ̀n ti kó ayù o! Dẹ́rẹ́bà kan ló jẹ́ iṣẹ́ Danjuma fún mi ní Ọ̀fà Garage. Mo jó dé ilé. Àwọn èèyàn ní kí ló dé, ìyá, mo ní Àlájì kan fẹ́ wé láwàní lọ sẹ́wọ̀n. Ọ̀la la máa lọ wò ó. Kí n tó pe ọlọ́pàá, mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i.

Àlàrùbá, 7 Máàṣì

Àná la lọ sí Jẹ́bà, èmi àti Màsúdát. Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má fi tẹnu ẹ kún un.

Danjuma mú wa gba àárín àwọn àwọ̀n tí wọ́n sá dé etí odò. Ó nawọ́, ó ní, "Ìyàwó wa, òun nìyẹn."

Ó dùbúlẹ̀ síbi tí omi ò ti jìn. Okùn wà nídìí ìrù ẹ̀, wọ́n so ó mọ́ òpó. Àwọ̀ eérú ni, irun hù lẹ́nu ẹ̀ bí irùngbọ̀n àgbàlagbà. Ó gbé imú sókè, ó mí fùù, bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní, "Ẹ kú ìnáwó o, ẹran Àlájì. Ìwọ lo máa sìn ín dé ẹ̀wọ̀n." Danjuma rẹ́rìn-ín.

Ni omi bá mì. Nǹkan kékeré kan ti ibú wá, kò ju ewúrẹ́ lọ, ó wọ abẹ́ apá ẹ̀. Abẹ́ apá lọmú ẹ̀ wà. Ó ń mu ọmú. Ìyá ò mira.

Danjuma ní, "Ọjọ́ kẹta rèé tó ti ń wá. A ò so ó. Òun fúnra ẹ̀ ni ò lọ."

Màsúdát ní, "Bàbá, ṣé ọmọ ẹ̀ ni?"

"Tí kì í bá ṣe ọmọ ẹ̀, kí ló ń wá níbẹ̀?"

Ọmọ yìí ní, "Ta ló búra sí i?"

Má wò mí bẹ́ẹ̀. O sọ ọ́, kọ ọ́.

Mo lọ jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Tí ẹran yìí bá kú, Abdulmumini lọ sẹ́wọ̀n. Tí kò bá kú, láwàní á gun orí ẹ̀, á sì jókòó sí ṣáàfù iwájú, ìlà àwọn ẹni ńlá ní mọ́ṣáláṣí, títí ayé. Ọdún kọkànlá ni mo ti ń wá irú ọjọ́ yìí. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti rò ó dé ibi ẹ̀wọ̀n, ẹran náà á tún mí, fùù.

Mo dìde. Mo yọ ìwé òfin. Mo pe gbogbo àwọn apẹja tó wà níbẹ̀, mo ní kí Màsúdát ka ohun tí Ọláyíwọlá túmọ̀ sẹ́yìn ẹ̀ ní Yorùbá, Danjuma ń fi Tápà sọ ọ́ fún wọn. Nígbà tó kà dé ibi ẹ̀wọ̀n, ọ̀kan nínú wọn rọra gbé ọ̀kọ̀ tó mú dání sílẹ̀, ó jókòó lé e.

Mo ní, "Ọkọ mi, ọwọ́ ta ló so okùn yẹn?"

Danjuma ní, "Ọwọ́ mi ni."

"Ọwọ́ ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ dè?"

Ó wọ inú omi. Ó ní, "Kí ni mo máa wí fún Àlájì?"

"Wí pé ó já okùn. Irọ́ yẹn kéré sí èyí tóun pa."

Ó gé e. Ẹran náà ò tètè mọ̀. Ìgbà tó yá, ó yí padà díẹ̀díẹ̀, ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, omi sì padé.

Mo sunkún nínú mọ́tò nígbà tá à ń bọ̀. Kì í ṣe ti àánú. Ìbínú ni. Ẹ̀san ọdún kọkànlá ni mo fi ọwọ́ ara mi tú sómi.

Jímọ̀, 9 Máàṣì

Orúnkún ń dùn mí, kò sì sí òróró. Òrí ni mo fi ń ra á. Hàlímọ̀tù ló ń bá mi ra á. Lánàá, ó bi Màsúdát léèrè bí ọmọ ayù náà ṣe tóbi tó.

Àtàlátà, 13 Máàṣì

Danjuma wá. Kò tíì jókòó tó ti ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Àlájì fẹ́ẹ̀ jẹ mí láàyè. Ó ní kí n wá òmíì. Mo ní kò sẹ́ni tó máa mú un fún un ní Jẹ́bà mọ́, wọ́n ti ka ìwé fún gbogbo wa. Ó jókòó, ó di orí mú. Ó ní òun ti sọ fún gbogbo GRA."

"Ó wá fẹ́ ṣe báwo?"

"Ó ní kí n di ẹnu. Ó ti ra màlúù. Ó ní kí àwọn alásè da ẹja gbígbẹ sínú ọbẹ̀ náà, kó lè rùn bí odò."

Màlúù! Mo rẹ́rìn-ín títí Hàlímọ̀tù fi sáré jáde, ó rò pé mo dákú ni. Màlúù tó ń rùn bí ẹja! Irọ́ ò lè fi ọkùnrin yìí sílẹ̀, inú ọbẹ̀ gan-an ló tún tẹ̀ lé e lọ.

Mo rẹ́rìn-ín tán, ni mo bá rántí nǹkan kan. Nílé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a kì í fi ẹran sẹ́nu láì béèrè ẹni tó dú u. Bàbá mi á gbé òkèlè dúró, á ní, "Ta ló dú u?" Gbogbo Ìlọrin ló mọ ìbéèrè yẹn.

Àlàmísì, 15 Máàṣì

Mo gbé wàrà lọ fún Àáfà Àbdùlkàdírì. Iwájú ẹ̀ ni Abdulmumini ti búra lọ́dún kọkànlá sẹ́yìn, òun náà ló sì máa wé láwàní fún un. Ojú ẹ̀ ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ẹsẹ̀ mi.

"Bàríkísù, ọ̀rọ̀ kí ló gbé ẹ dé?"

"Àáfà, ìbéèrè kékeré ni."

"Ìbéèrè ẹ kì í kéré."

Mo ní, "Ayù tí Àlájì ní àwọn máa jẹ lọ́jọ́ Àlàádì, ẹja ni àbí ẹran? Nítorí ó ń fún ọmọ lọ́mú. Àwọn apẹja sì ní igi ni wọ́n ń kì bọ imú ẹ̀ títí èémí á fi bọ́ lára ẹ̀."

"Àsítàgàfúrù Ọlọ́hun!" Ó gbé abọ́ wàrà sílẹ̀. Ó ní, "Àwọn àáfà kan á ní ohun gbogbo tó bá wà lómi, ẹja ni, kò gba ọ̀bẹ. N ò bá wọn jà. Ní tèmi, ohun tó bá ń fọ́mọ lọ́mú, tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń ṣàn, n ò ní í fi sẹ́nu láì gbọ́ ẹni tó dú u."

"Ẹ máa béèrè nìyẹn?"

"Kí ló máa ní kí n má béèrè?"

N ò parọ́ fún un. Ìbéèrè ni mo béèrè, wàrà ni mo fún un.

Mo dé ilé, mo bá Ọláyíwọlá. Wọ́n ti pe ọ̀gá ẹ̀ síbi ìnáwó náà, òun ló máa gbé báàgì tẹ̀ lé e. Mo ní kó fi ìwé òfin sínú báàgì. Ó ní, "Màmá, ẹran náà ti lọ. Ẹjọ́ wo ló kù?"

Mo ní, "Ìwọ lo sọ ọ́ fún mi: ara ẹran, tàbí ẹnu ẹni náà. Ara ti lọ. Ẹnu kù." N ò sọ ti màlúù fún un. Ọmọ yẹn ò mọ irọ́ pa, ojú ẹ̀ á ti sọ ọ́.

Àlàádì, 18 Máàṣì

Màsúdát, gbẹ́ pẹ́ńsùlù ẹ dáadáa. Ti òní pọ̀.

Wọn ò pè mí, ṣùgbọ́n mọ́tò wọn ti kéde lẹ́nu ọ̀nà mi pé "gbogbo mùsùlùmí". Mùsùlùmí ni mí. Mo wọ aṣọ funfun, mo jókòó sí apá àwọn obìnrin, ní iwájú pátápátá. Wọ́n ń kọ wákà. Abdulmumini wà lórí àga ńlá, etí ẹ̀ méjèèjì yọ lábẹ́ fìlà bí etí ìkòkò. Obìnrin tó jókòó tì mí wo etí Màsúdát, ó wo orí àga, ó tún wo etí Màsúdát. Mo ní, "Wò ó dáadáa. Owó kọ́ ni wọ́n ń gbà lórí ẹ̀."

Àwọn ẹni ńlá GRA ń kánjú, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé oúnjẹ wá, kí wọ́n tó wé e. Abdulmumini gba gbohùngbohùn, ó ní, "Ẹ jẹun o, ẹ jẹ ayù odò Ọya! Kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn lè rí jẹ!" Ọ̀gá Ọláyíwọlá ti fi ọ̀kan sẹ́nu.

Àáfà Àbdùlkàdírì gbé ọwọ́ sókè.

"Àlájì, wọ́n ní ayù nìyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àáfà."

"Ta ló dú u?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àáfà, ẹja mà ni."

"Ẹja tó ń fún ọmọ lọ́mú? Mo ní ta ló dú u?"

Ọwọ́ dúró nínú abọ́. Mo ń wo àwọn àáfà tó wà nílà iwájú, wọ́n ń dá ẹran padà sínú ọbẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń nu ìka. Òógùn bo Abdulmumini. Ká ní ó sọ pé òun ò mọ̀, ìtìjú díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ láwàní ni, kò lè sọ ọ́.

Ó ní, "Èmi ni. Ọwọ́ mi yìí ni. Mo ké Bísímílàhi sí i lọ́rùn."

"O lè búra?"

"Wàláhì! Mo fi Ọlọ́hun búra, ọwọ́ mi yìí ni mo fi dú ayù náà!" Gbohùngbohùn gbé e dé òpin Fate.

Ọláyíwọlá bá dìde. Ó ní, "Àlájì, ẹ má bínú. Ẹ ní ọwọ́ yín lẹ fi pa á?" Ó ka òfin. Ó kà á dé ibi ẹ̀wọ̀n. Ọ̀gá ẹ̀ jókòó, ẹran wà lẹ́nu ẹ̀, kò lè gbé e mì, kò lè pọ̀ ọ́. Ọlọ́pàá méjì tó ń darí mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ orúkọ òfin, wọ́n tún bẹ́líìtì ṣe, wọ́n ń bọ̀.

Abdulmumini wo ọlọ́pàá. Ó wo Àáfà. Ó wo ọlọ́pàá.

Ó ní, "Màlúù ni."

Àáfà ní, "Kí lo wí?"

"Màlúù ni! Ẹ jọ̀ọ́, màlúù ni! Ayù ti já okùn! Ẹ lọ wo awọ ẹ̀ lẹ́yìn ilé, màlúù ni o!" Kò rántí pa gbohùngbohùn. Apá àwọn obìnrin tú ká. Ẹnì kan kígbe pé, "Màlúù tó mọ̀wẹ̀!" Ẹlòmíì ní, "Ẹ bi í bóyá ó ní ìpẹ́!"

Àáfà ò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí ariwo fi rọlẹ̀. Ó ní, "Abdulmumini, ìbúra tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bú yẹn ńkọ́?"

Abdulmumini gbé gbohùngbohùn sílẹ̀.

Èmi ni mo dìde. Mo ní, "Àáfà, ẹ bá mi béèrè ti àkọ́kọ́ náà. Èyí tó bú sórí màlúù, ẹ̀ẹ̀kan ni. Èyí tó bú sórí ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni."

N ò lọgun. Kò nílò ẹ̀.

Láwàní wà nínú àwo, ó funfun báláú. Àáfà nawọ́, ó fọwọ́ wá a kàn. Ó ní, "Ẹ ká a."

Àtìní, 19 Máàṣì

Mo sùn bí ọmọ tuntun. Orúnkún ò dùn mí.

Jímọ̀, 23 Máàṣì

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ láàárọ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Àáfà Àbdùlkàdírì fi ọ̀pá wá ọ̀nà wọlé mi, Abdulmumini wà lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n ní nínú ṣáàfù lónìí, àyè ọ̀tún ẹ̀ ṣófo, àyè òsì ẹ̀ ṣófo.

Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun parọ́. Ó ní obìnrin kan lòun ń fẹ́ nígbà náà tí kò fẹ́ bá orogún, ọmọ oṣù méje lòun sì rí fi ṣe àwáwí. Ó ní òun kó ìbúra jẹ, ọmọ òun ni. Àáfà ti kọ ọ́ sínú ìwé, ẹlẹ́rìí mẹ́rin ti fọwọ́ sí i. Hàlímọ̀tù wà nínú iyàrá, mò ń gbọ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀ lára fìlà. Abẹ́rẹ́ náà dúró.

Abdulmumini ní kí Màsúdát bu omi fún òun. Mo ní, "Ọmọ ń kọ̀wé."

Àáfà ní, "Bàríkísù, ó tán nìyẹn?"

Mo ní, "Rárá o, Àáfà. Ìgbà tó fẹ́ jẹ Bàbá Àdínì, mọ́tò ló fi kéde ẹ̀. Kó gbé mọ́tò náà padà. Ojú ọ̀nà yẹn náà. Gbohùngbohùn yẹn náà."

Abdulmumini ní, "Ìyá, ẹ ṣàánú mi."

Mo ní, "Mo ti ṣàánú lẹ́ẹ̀kan lóṣù yìí, ní Jẹ́bà. Ó ti tán lọ́wọ́ mi."

Àtìní, 26 Máàṣì

Mọ́tò kọjá. A gbọ́ ọ láti Ọ̀fà Garage kó tó dé ọ̀dọ̀ wa: "Àlájì Abdulmumini ń sọ fún gbogbo mùsùlùmí pé Màsúdát ọmọ Hàlímọ̀tù, ọmọ òun ni o, òun búra èké ni o." Ó dé ẹnu ọ̀nà wa, mo ní kó dúró, kó tún un sọ, etí mi ti di. Ó tún un sọ. Mo ní n ò gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ.

Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Hàlímọ̀tù ti jáde. Ó kọjá kànga, ó kọjá mi, ó dúró sí àárín títì, pẹ̀lú fìlà àti abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ó ń wo mọ́tò náà títí tó fi yà. Àwọn aládùúgbò ń kí i. Ó ń dá wọn lóhùn.

Ọláyíwọlá ní àwọn ti kan pátákó mọ́ etí odò ní Jẹ́bà, orúkọ ayù wà lórí ẹ̀ gàdàgbà. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Fọ́ọ̀mù náà wà lórí tábìlì. Mo ní kí Màsúdát kọ orúkọ ọkọ mi síbẹ̀, èèyàn gidi nìyẹn, kó fi olè yẹn sílẹ̀. Ọmọ yìí gbé bírò. Ó ní, "Màmá àgbà, kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ẹ̀. Tèmi ni. Wọ́n jí i, a sì ti gbà á padà." Ó kọ "Abdulmumini" sí orí ilà náà. N ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó gùn, ó kún ilà yẹn dé ìpẹ̀kun.

Ààwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní kéèyàn dárí jin èèyàn kó tó wọ ààwẹ̀. Mo máa dárí jì í. Ọ̀la. Lónìí, jókòó síbí, gbé ìwé náà sún mọ́ mi, kà á fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Rọra kà á. Tí o bá dé ibi tó ti ní "màlúù ni", kà á lẹ́ẹ̀mejì.